Tíì Tí Wọ́n Da Mílíìkì Sí

Ẹ má dárúkọ mílíìkì sí mi létí. Mo mọ̀ pé nǹkan tó dáa ni. Mo mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ ń mu ún, mo mọ̀ pé ìyá mi ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wa l'Ókìtìpupa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí agolo rẹ̀ báyìí, inú á kàn máa bí mi ni. Agolo mẹ́jọ ló lé mi kúrò nílé bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn ará àdúgbò wa ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, irọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS2, kì í ṣe pé orí mi ò pé. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé ká ní mo lè jókòó sójú kan fún ogún ìṣẹ́jú ni, kò sẹ́ni tí ì bá lè bá mi. Ìjókòó yẹn gan-an ni mi ò lè ṣe. Mo kọ́ iṣẹ́ gẹrígẹrí fún oṣù mẹ́ta, mo ti mọ orí gẹ̀ ju ọ̀gá mi lọ, ni mo bá kúrò. Mo lọ kọ́ àtúnṣe fóònù, ọ̀gá tún ní kí n máa gbálẹ̀ fún ọdún kan ná kí n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Mo ní ta ló fẹ́ gbálẹ̀ fún ọdún kan? Mo tún kúrò. Nǹkan tí mo bá fojú rí lẹ́ẹ̀kan, mo máa ṣe é. Mi ò fọ́nnu o, bó ṣe rí nìyẹn.

Bàbá mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó ní ọ̀pẹ lọ́nà Ìgbódìgò. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ ọ́, ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀bù sí Òde-Ayé, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ń fún un, tí epo pupa ń jáde. Ibẹ̀ ni bàbá mi fi máa ń dẹ́rù bà mí láti kékeré. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń kó wa lọ lásìkò ọlidé. Oòrùn lókè, iná nísàlẹ̀, èéfín lójú, epo á wọ inú èékánná ẹ, kò ní jáde mọ́ títí wàá fi padà sílé-ìwé. Tí o bá ń kọ nǹkan, ìwé á pọ́n.

"Ọ̀pẹ ló bí wa," bàbá mi máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dá a lóhùn. Mo ní, "Èmi, ọ̀pẹ òyìnbó ló bí mi."

Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ òótọ́ ni mo sọ. Ọ̀pẹ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ooru, mo dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nínú pálọ̀, aṣọ ò ṣeé wọ̀, mo wá rí fídíò kan lórí fóònù mi. Ọmọbìnrin kan da tíì pupa sórí yìnyín nínú ife gíga, ó gé ọ̀pẹ òyìnbó sí i, ó gé ọsàn sí i, ó da ewé sí i lórí, ó mu ún, ó dijú. Mo wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà títí dátà mi fi tán. Mo ní, kí ló ń ṣe níbẹ̀ tí mi ò lè ṣe? Ọ̀pẹ òyìnbó kún ọ̀nà Àjàgbà títí tó ń jẹrà. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn ilé wa, kò sẹ́ni tó ń ká a. Tíì inú àpò kékeré wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ohun tí a ò ní ni yìnyín, torí òpó iná tó wà ládùúgbò wa, ẹyẹ nìkan ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nítòsí gáréèjì tó ń fi jẹnẹrétọ̀ dì í, odindi bí bíríkì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo gbé tíì náà kaná bí ẹni ń se ẹ̀wà. Ó korò débi pé ajá aládùúgbò wa ò mu ún. Ìgbà kejì, mo jẹ́ kó tutù kí n tó fi ṣúgà sí i, ṣúgà náà kọ̀ láti yọ́, ó jókòó sísàlẹ̀ ìgò bí iyanrìn. Ìgbà kẹta, mo kó yìnyín sí i nígbà tó ṣì gbóná. Yìnyín yọ́ tán, tíì di omi ṣànṣàn. Ìyá mi ní ṣé bí mo ṣe máa mu tíì ṣọ́ọ̀bù òun tán nìyí.

Ìgbà kẹrin, mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́, torí kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Omi á hó, wàá sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, ìgbà yẹn ni wàá tó ju àpò tíì sí i, wàá dé e, wàá ka ìṣẹ́jú márùn-ún, wàá yọ wọ́n. Má fún wọn o. Tó o bá fún wọn, ìkorò inú wọn ló máa jáde. Wàá po ṣúgà sí i kó tó tutù. Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí àwọn èèyàn ń dà nù, wàá fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wàá se òun àti atalẹ̀ pa pọ̀, wàá sẹ́ ẹ. Inú ọ̀pẹ òyìnbó fúnra ẹ̀, mo gún un nínú odó kékeré, mo fi aṣọ funfun fún un, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ nínú fídíò yẹn, iná ló ń lò. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ le lẹ́nu, kó dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí yìnyín ṣì máa yọ́ sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa gbẹ̀yìn.

Mo mu ún, èmi náà dijú.

Mo lọ bá bàbá mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pọ́n àdá. Màmá àgbà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

"Bàbá, mo ti rí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe."

"Ìkẹrin nìyẹn."

"Ìkẹta ni, sà."

"Ìkẹrin. O ti gbàgbé àwọn adìyẹ tó kú."

Mo gbójú kúrò níbi adìyẹ. "Tíì ni mo fẹ́ máa tà. Tíì tútù."

Ó dáwọ́ dúró. "Tíì tó ti tutù, ta ló ń rà á? Tèmi bá tutù, ṣe ni mo máa ń dà á nù."

"Kì í ṣe irú ìyẹn, sà. Eléso ni."

"Jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀," Màmá àgbà ní. "Ọma mi lọ́gbọ́n lórí." Ọma, ìyẹn ọmọ, ló máa ń pè mí. Kò bá wa sọ Yorùbá ilé-ìwé rí, ilé gan-an, ulé ló ń pè é.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, Màmá."

"Èmi náà ni mo bà ọ́ jẹ́. O ò rí ara rẹ bí? Dán an wò ná. Tí kò bá ṣeé ṣe, kó máa lọ sí Òde-Ayé."

Bàbá mi wo àdá náà, ó wo mí. Ó wá sọ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gbé àdúrà yí ilé ara wọn ká, ilé wa ló kàn ní Sunday tó ń bọ̀. Ó ní kí n ṣe é fún wọn. Tí wọ́n bá mu ún tán tí wọ́n tún bèèrè sí i, mo lè gba ẹ̀gbẹ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, kí n máa tà á. Tí wọn ò bá mu ún, kí n di ẹrù mi ní Monday, Òde-Ayé ni.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Mílíìkì ò sí nínú àdéhùn yẹn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan kí n tó máa lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yẹn wà. Nílùú wa, oríṣi tíì méjì péré làwọn àgbàlagbà mọ̀. Ọ̀kan ni ewé tíì, koríko gígùn tó wà lẹ́yìn ilé, tí wọ́n máa ń se fún ẹni tí ibà ń ṣe. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń fi búrẹ́dì mu. Ìyẹn gbọ́dọ̀ gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ ní mílíìkì. Wọ́n lè fi kòkó ṣe é, wọ́n lè fi kofí ṣe é, tíì náà ni wọ́n máa pè é. Tí kò bá ti ní mílíìkì, gbẹrẹfu nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń gbé tíì gbẹrẹfu fún àlejò, àfi ẹni tí kò ní, tàbí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò yẹn padà wá mọ́. Mo mọ gbogbo èyí. Ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Kí ló dé tí mi ò ronú kàn án? Ẹ má bi mí.

Nígbà tí Sunday dé, gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku èmi àti Màmá àgbà tí orúnkún ń dùn. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́yìnkùlé. Mo fọ kúlà ńlá tí ìyá mi máa ń kó ìrẹsì sí lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa máa rùn bí ọbẹ̀. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, ó ti kún, ó ń dán, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin, ọ̀pẹ òyìnbó tí mo gé wẹ́wẹ́ ń léfòó lórí ẹ̀. Mo bu kẹ́ẹ̀gì kékeré kan pamọ́ sínú garawa omi nínú yàrá mi, torí nǹkan tí mo bá ṣe, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́jú tèmi. Yìnyín nìkan ló kù.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì. Jẹnẹrétọ̀ obìnrin yẹn ti bàjẹ́ láàárọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni, èèyàn ti tò sílẹ̀. Mo jà. Mo sọ fún wọn pé àlejò ń dúró dè mí. Ọkùnrin kan ní, "Gbogbo wa là ń lọ sóde, ọ̀gá àlejò." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa gba tèmi, tí mo wé e sínú àpò, tí mo gbé e lé itan lórí ọ̀kadà, tí ṣòkòtò mi ti tutù bí ti ẹni tó tọ̀ sára, àwọn obìnrin náà ti dé. Mo rí bàtà wọn rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, torí wọn kì í wọ bàtà gbàdúrà. Mo ń gbọ́ orin wọn nínú pálọ̀.

Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé.

Màmá àgbà jókòó ti kúlà, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Agolo mílíìkì mẹ́jọ tó ti ṣófo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó tò wọ́n dáadáa.

"Kú àbọ̀, ọma mi," ó ní. "Mo ti bá ọ tún un ṣe."

Mo wo inú kúlà. Mílíìkì àti ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè gbé pọ̀, ẹni tó bá ti pò wọ́n pọ̀ rí máa mọ̀. Ó ti dì kókó, kókó, ó ń léfòó bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa. Oyin mi ti di omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Ọ̀pẹ òyìnbó tí mo gé wẹ́wẹ́ ti há sáàárín ẹ̀ bí nǹkan tí ọmọ ọwọ́ pọ̀.

"Kí lẹ ṣe?" Bóyá ohùn mi ti lọ sókè nígbà yẹn, mi ò mọ̀.

"Mo tọ́ ọ wò, ó dùn, ṣùgbọ́n mi ò bá mílíìkì níbẹ̀. Mo ní yéè, ọmọ yìí ti gbàgbé mílíìkì! Àwọn ìyá ìjọ sì ti ń wọlé. Wọ́n á ní gbẹrẹfu la gbé fún àwọn, bàbá rẹ á sì lé ọ lọ. Mo wá sáré lọ kó o ní ṣọ́ọ̀bù." Ó di orúnkún ẹ̀ mú bó ṣe sọ pé òun sáré. "Ó ń dì díẹ̀ báyìí ṣá, mo ti ń rò ó, ó máa yọ́."

"Kò ní yọ́! Kò lè yọ́! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Rọra, wọ́n ń gbàdúrà."

"Òpè ni yín!" mo ní. "Òpè ni yín! Ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ ò mọ̀wé, ẹ wá lọ ń fọwọ́ kan nǹkan tí ẹ ò mọ̀dí ẹ̀!"

Mo sọ yìnyín sílẹ̀, ó fọ́.

Màmá àgbà ò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá dáa. Ó mú etí ìró rẹ̀, ó ń nu ṣíbí náà díẹ̀díẹ̀, ó nu ẹ̀yìn ẹ̀, ó nu inú ẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Mi ò mọ̀wé."

Ìgbà yẹn ni inú wá bí mi jù. Òun kọ́ ló ní kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS2. Èmi náà, ìwé wo ni mo mọ̀? Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú ìyẹn nígbà tí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ ti dì kókó nínú kúlà?

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó rí agolo, ó kígbe, "Mẹ́jọ!", ó wá rí ojú mi, ó pa ẹnu dé. Ó ní kí n máa bọ̀, ẹnu àwọn èèyàn ti gbẹ. Mo rántí kẹ́ẹ̀gì mi. Mo lọ gbé e. Mo ṣa yìnyín tó fọ́ nílẹ̀, mo ṣan án, mo kó o sínú ife, mo da tíì lé e. Àwọn obìnrin náà jẹ́ mọ́kànlá, ìdajì ife ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdajì kan ṣẹ́ kù fún bàbá mi.

Ìyá Ìjọ ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. Obìnrin tó sanra ni, ẹnu ẹ̀ dùn, kò sẹ́ni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé ife sókè, ó wò ó dáadáa.

"Kí lèyí? Àgbo ibà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Kò sẹ́ni tí ibà ń ṣe níbí o," ó ní. "Lórúkọ Jésù."

"Àmín!"

Ó tọ́ ọ wò. Ó tún mu ún. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Háà! Ó tutù dé inú egungun. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ mu nǹkan yìí."

Wọ́n mu ún. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni! Pálọ̀ dákẹ́ bíi pé wọ́n ní kí wọ́n dijú gbàdúrà. Ẹnì kan ní ṣé ọ̀pẹ òyìnbó lòun ń gbọ́ lẹ́nu yìí. Ẹnì kejì ní kí wọ́n má fọwọ́ kan tòun, òun ń lọ gbé bàgì òun. "Ó kù ńbẹ̀? Fún wa sí i, jàre." Mo wo bàbá mi. Ó ti mu tiẹ̀ tán, ó ń fa yìnyín lẹ́nu bí ọmọdé. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa," ó ní.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀ nípa nǹkan tí mo fọwọ́ mi ṣe. Mo ti rí tábìlì mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rí agboòrùn lórí ẹ̀.

"Kí lo pè é?" Ìyá Ìjọ bi mí.

"Tíì ni, mà. Tíì tútù."

"Tíì kẹ̀? Èyí kì í ṣe tíì. Omi èso rèé. Ká ní o pè é ní omi èso látilẹ̀ ni, ta ni ì bá da mílíìkì sí i?"

Wọ́n ti gbọ́. Ilé wa, fèrèsé pálọ̀ dojú kọ ẹ̀yìnkùlé gan-an, mo sì mọ̀.

"A gbọ́ ohùn ẹ," ó ní. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ta lo pè ní òpè?"

Bàbá mi gbé ife sílẹ̀. Nígbà tí mo ń pariwo lẹ́yìnkùlé, òun wà níta, ó ń bá wọn gbé bẹ́ǹṣì wọlé, kò gbọ́. Ó wo Ìyá Ìjọ, ó wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀.

"Màmá mi dà?"

Màmá àgbà fúnra ẹ̀ ló wọlé. Ó mú ife kan dání, ó bu láti inú kúlà yẹn, ó ń mu ún. Mílíìkì tó dì ti lẹ̀ mọ́ ètè ẹ̀ lókè. "Ó dùn o," ó sọ fún gbogbo ilé. "Ẹ wá mu ún. Ọma mi ló ṣe é."

Bàbá mi kọjú sí mi.

"Dọ̀bálẹ̀ fún un," bàbá mi ní.

Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Kí àyà mi kan sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan, kí n sọ pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ti parí, mo ti ní tábìlì. Àwọn ọmọ tó gbọ́n jù mí lọ ti dọ̀bálẹ̀ fún nǹkan tó kéré jù yẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin mọ́kànlá ló ń wò mí, ṣòkòtò mi ṣì tutù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nǹkan tí ẹnì kankan ò ṣe rí ládùúgbò yẹn, èmi náà ni wọ́n tún ní kí n dọ̀bálẹ̀. Fún kí ni? Èmi ni wọ́n ba nǹkan jẹ́ fún!

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo da mílíìkì sí i."

"Fi í sílẹ̀," Màmá àgbà ní. "Mo ti gbọ́, kò dùn mí. Fi ọmọ sílẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Màmá." Bàbá mi ò pariwo. "Mo ní dọ̀bálẹ̀."

Mi ò dọ̀bálẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. Ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ lẹ́ẹ̀kan. "Di ẹrù ẹ. Ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, o ti wà lọ́nà Òde-Ayé."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ẹ̀bù. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Mò ń da ẹyìn sínú dúrọ́ọ̀mù, mò ń kóná sí i, mò ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn tí mo bá níbẹ̀ lọ, ẹ bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi láti àárọ̀ títí a fi máa ṣíwọ́. Inú ń bí mi sí bàbá mi. Inú ń bí mi sí Ìyá Ìjọ tó mu tíì mi tán tó wá tú àṣírí mi. Inú ń bí mi sí obìnrin oníyìnyín, torí ká ní jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ò bàjẹ́ ni, mi ò ní pẹ́. Mo sì gbọ́ pé wọ́n ń sọ ládùúgbò pé mo gbá ìyá bàbá mi létí. Irọ́ ni! Mo gbọ́ òmíràn tó ní tíì mi ló mú kí inú máa run àwọn ìyá ìjọ. Irọ́! Wọ́n bèèrè sí i!

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ padà sílé. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá ẹ̀. "O dé," ó ní. Mo ní, "Mo dé, sà." Ó parí síbẹ̀.

Màmá àgbà wà lẹ́yìnkùlé. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ọma mi. Ṣe tíì yẹn fún mi."

"Omi èso ni, Màmá. Kì í ṣe tíì."

"Tíì ni. Ìwọ lo pè é bẹ́ẹ̀."

Mo ṣe é. Ọ̀pẹ òyìnbó kan péré ni mo rí, mo ṣe ìwọ̀nba. Yìnyín ò sí, mo gbé e sínú omi títí ó fi tutù díẹ̀. Mo bù ún sínú ife ike fún un. Ó wo inú ife, ó wo mí.

"Mílíìkì dà?"

"Màmá, ó máa dì."

"Jẹ́ kó dì."

Inú tún bí mi. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú agolo kan, mo lu ihò sí i, mo da mílíìkì sí tíì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ó dì, kókó, kókó. Ó mu ún. Ó mu ún tán, ó fi ìka nu ìdí ife, ó lá a. Ó wá gbé ife náà sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, afẹ́fẹ́ gbá a, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì kan tó wà níbẹ̀.

Bẹ́ǹṣì yẹn rẹlẹ̀ gan-an. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mú nǹkan lábẹ́ ẹ̀ àfi kó dojú bolẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́. Mo ṣì ń fọwọ́ wá ife náà kiri nígbà tí mo gbọ́ ọwọ́ Màmá àgbà lẹ́yìn mi, ó fi ń lù mí pẹ́pẹ́pẹ́.

"Dìde," ó ní. "Mo ti gbà."

Nígbà tí mo gbórí sókè, bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, àdá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ó gbé àdá náà ti ògiri.

"Ṣé ó kù?" ó ní. "Èyí tí kò ní mílíìkì."

Mo bù ún fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún gbogbo àdúgbò o: mi ò dọ̀bálẹ̀. Ife ni mo fẹ́ mú.